Ta Ni Yóò Jogún Ẹ̀rọ Tó Ń Pín Íńtánẹ́ẹ̀tì Ilé Wa ní Wedding?

Èmi, Ezra Akínpẹ̀lúmi Fẹ̀hìntọlá, ọmọ bíbí ìlú Ìkirè, tí mo ń gbé ní àdúgbò Wedding nílùú Berlin, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ara mi ni kò pé mọ́. Àwọn dókítà ti sọ ibi tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ mi dé fún mi, wọ́n sì fi sùúrù sọ ọ́, bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé ọjà ti tú. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, kò sí ẹni tó tàn mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo fagi lé gbogbo ohun tí mo ti sọ ṣáájú nípa ogún mi, yálà mo fi ẹ̀rín sọ ọ́ ni tàbí mo fi ìbínú sọ ọ́.

Òfin ilẹ̀ yìí ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìhágún nínú ilé ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀, kó má ṣe fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi tẹ kọ̀ǹpútà ni mo wá ń fi bírò kọ̀wé bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé n kò lè fi èdè Jámánì bínú dáadáa. Kí kóòtù wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ogún mi kò pọ̀. Bí kì í bá ṣe ti ohun kan ni, ǹ bá kú láìkọ nǹkan kan, kí wọ́n pín aṣọ mi bó bá ṣe wù wọ́n. Ohun náà ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún àwọn ará ilé yìí, tó sì ń ṣọ́ wọn. Bí mo bá kú tí kò sí ẹni tó gbà á, òun náà yóò kú tẹ̀lé mi, àwọn kan yóò sì jìyà rẹ̀. Mo ń wá ẹni tí yóò gbà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a.

1. Mo yan ọ̀rẹ́ mi, Mọ́rúfù Adéọpẹ́, tó ń tún fóònù ṣe ní Gesundbrunnen, gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ìwé yìí. Kí òun nìkan ṣe é. N kò fi ẹlòmíràn kún un, nítorí mo ti rí ohun tí ìgbìmọ̀ máa ń ṣe sí iṣẹ́.

Mọ́rúfù, o mọ̀ pé n kì í yìn ọ́ lójú rẹ. Jẹ́ kí n yìn ọ́ níbi tí o kò ti ní lè dá mi lóhùn. Bí o bá ní ò ń bọ̀, o máa ń dé. Láàárín àwa tí a máa ń sọ pé a ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí a ṣì ń wá bàtà, ìyẹn nìkan tó láti fi ogún lé ènìyàn lọ́wọ́. O kò gbọ́ Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, o sì ti sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé ohunkóhun tí kò bá ní àwòrán téèyàn lè fìka tẹ̀, oògùn ni. Kò burú. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò ju ohun tí mo ti fi hàn ọ́ lọ. Àpótí irinṣẹ́ mi, pẹ̀lú ẹ̀mú tí mo fi ń di orí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì, tìrẹ ni. Má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀mú náà, wọn kì í dá a padà.

2. Ilẹ̀ mi tó wà ní Ìkirè, pẹ̀lú ilé tí mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ tó dúró sí ojú fèrèsé, di ti àbúrò mi obìnrin, Ẹ̀bùnọlá. Kí ó kọ́ ọ parí, tàbí kí ó tà á, tàbí kí ó máa sá ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ bó ṣe ń sá a báyìí. Ọdọọdún ló ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wá kan òrùlé. Ẹ̀bùnọlá, n kò bọ̀ mọ́. Kí wọ́n sin mí síbí yìí. Ohun tí ẹbí bá fẹ́ ná láti gbé òkú mi wálé, ẹ fi kan òrùlé ọ̀hún.

3. Ológbò dúdú tó máa ń sùn lórí ẹ̀rọ náà nítorí ooru rẹ̀ kì í ṣe tèmi ní ti òótọ́. Ìyá arúgbó Jámánì kan tó kú ní àjà kejì ló ni ín, ọ̀dọ̀ mi ló sì yà sí lẹ́yìn òkú rẹ̀. Mo fi í fún Bàbá Adégbọlá, alàgbà ìjọ aládùúrà tó ń jọ́sìn ní yàrá ìsàlẹ̀ nínú àgbàlá ẹ̀yìn ilé wa, ibi tí wọ́n ń pè ní Hinterhof. Mo mọ̀ pé Bàbá kò fẹ́ràn ológbò, áńbọ̀sìbọ́sí dúdú. Kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí títí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní ẹja. Ó tọ́ sí wọn, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀.

4. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó bá máa gbà á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbà.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rí i, nínú páálí tí ẹnì kan kọ “zu verschenken” sí lára, bí àwọn ará Berlin ṣe máa ń gbé ohun tí wọn kò fẹ́ mọ́ síta kí ẹni tó bá wù ú gbé e lọ. Mo pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, mo fi Linux sí i. Ojú ihò okùn méjì ló ní. Ọ̀kan kọjú síta, sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi. Èkejì kọjú sínú, sọ́dọ̀ àwọn ará ilé. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé tàbí tó fẹ́ jáde, àárín àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbà, ibẹ̀ ni òfin mi sì wà. Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ó lé ẹnikẹ́ni tó bá ti ìta wá padà. Lẹ́yìn náà ni a wá ń ṣí àyè díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí a mọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Olúkúlùkù ló ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí kò sì lè fi ti ẹlòmíràn ṣe ohunkóhun. Ẹ̀rọ náà tún ń pín in kí ó dọ́gba, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ń wo bọ́ọ̀lù ní àjà kìíní, kò lè torí ìyẹn dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012, àpótí kékeré tí ilé iṣẹ́ náà fún mi nìkan ni mo ní, pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún Wáífáì. Bàbá Adégbọlá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi kí wọ́n lè máa rí ojú àwọn ọmọ wọn ní Òṣogbo. Àgbà ló béèrè, ta ni yóò sọ pé rárá? Mo kọ ọ́ sórí bébà fún wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ọrẹ, Bàbá dìde nínú sùtánà wọn láti ṣe ìkéde. Wọ́n kéde ìsọmọlórúkọ, wọ́n kéde ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n wá ní Ọlọ́run ti ipasẹ̀ Arákùnrin Ezra pèsè íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìjọ. Ni wọ́n bá gbé bébà náà sókè, wọ́n ka páswọ́ọ̀dù mi fún gbogbo ìjọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn kò gbọ́. Wọ́n tún un kà. Ìjọ pariwo halelúyà, èmi náà sì ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnì kan tó gbọ́n yóò ní kí ló dé tí n kò yí i padà ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò mọ ilé wa. Wọn ì bá ní mo fún Ọlọ́run ní nǹkan, mo sì gbà á padà. Mo fi í sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwé agbẹjọ́rò dé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Abmahnung. Wọ́n ní ẹnì kan ti gba íńtánẹ́ẹ̀tì mi jí sinimá kan gbé, pé nígbà tó jẹ́ orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, èmi ni kí n wá jẹ́jọ́. N kò mọ ẹni tó ṣe é títí di òní, n kò sì wádìí rẹ̀. Mo san ohun tí wọ́n ní kí n san. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí.

5. Fún Oyèrónkẹ́, aya mi, tí òfin ṣì ń pè ní aya mi, tó ti ń gbé ní àdúgbò St. Georg ní Hamburg láti ìgbà ìwé agbẹjọ́rò náà: ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀, àwọn àwo tó fẹ́ràn, tí n kò fi jẹun rí lẹ́yìn rẹ̀, àti àwòrán ìgbéyàwó wa, bí ó bá fẹ́ ẹ.

Oyèrónkẹ́, ìwé tí wọ́n fi ń di ọmọ ilẹ̀ yìí lò ń dúró dè nígbà náà, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé ẹjọ́ lè bà á jẹ́. O ní kí n já gbogbo àwọn tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì wa kúrò lọ́jọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá lọ. Mo ní n kò ní já wọn, pé màá tún un ṣe kó má lè jò mọ́. Ìgbà náà ni mo gbé ẹ̀rọ yìí wálé láti ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa parí rẹ̀, o ti di ẹrù rẹ. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, ìwé agbẹjọ́rò kankan kò tún dé. N kò sọ èyí láti bá ọ jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì gbà pé èmi ni mo jàre. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, àti pé èmi nìkan ni mo ń gbé nínú ilé tí kò jò mọ́ náà. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí ò ń lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ báyìí. Kò dá ọ dúró nígbà náà, n kò sì rò pé yóò ṣe ọ́ ní nǹkan kan báyìí.

6. Fún Fadékẹ́mi tó ń gbé ní àjà kẹta, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú wọn: tábìlì mi, àga mi tó ń yí, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká mi.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi ń dààmú. Ọmọ Fadékẹ́mi wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìwé kí ọmọ náà lè wá bá a, gbogbo ìgbà ni ìwé kan sì máa ń ṣẹ́kù. Ní ọ̀sán, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń gbé fóònù ti ìkòkò iyọ̀, wọn a jọ ṣe iṣẹ́ iléèwé ọmọ náà, yóò gbọ́ ìṣirò, yóò wo eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Lójú fóònù ló ti tọ́ ọmọ náà. Fadékẹ́mi kò lè gba íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ti fi orúkọ rẹ̀ ra ọjà tí kò san, ó sì wà nínú ìwé Schufa, ibi tí wọ́n ń kọ ìwà gbogbo ènìyàn sí lórí gbèsè ní ilẹ̀ yìí. Káàdì tó ń rà sínú fóònù kì í pẹ́ tán bó bá jẹ́ pé ojú ni wọ́n fẹ́ rí. Òun nìkan kọ́ ló wà bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ láti àtẹ̀gùn.

Bí mo bá kú, ilé iṣẹ́ náà yóò já íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lórúkọ mi. Ẹni tó bá máa gba ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé wọn, kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ. Mo ti bi àwọn ará ilé. Láti ìgbà ìwé agbẹjọ́rò yẹn, gbogbo wọn ló fẹ́ mu omi, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sára kànga. Mo ní màá kọ́ wọn ní Linux lọ́fẹ̀ẹ́ ní yàrá ìjọ. Bàbá Adégbọlá kéde rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ka wákàtí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ènìyàn méjì ló wá: Bàbá fúnra wọn, tí wọ́n sùn, àti obìnrin kan tó fẹ́ kí n bá òun tẹ ìwé ìpè ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn náà ìjọ yan ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ náà ṣì ń gbàdúrà.

7. Mo fi ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú gbogbo òfin inú rẹ̀, fún ọmọ mi kan ṣoṣo, Jùmọ̀, bí ó bá gbà á.

Jùmọ̀, ọmọ mi, Mọ́rúfù ni yóò ka ibí yìí fún ọ, nítorí o gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n o kò lè kà á. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ ń di ẹrù nínú yàrá ni èmi àti ìwọ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́ lára ìlà kéékèèké wọ̀nyẹn, ìka rẹ sì yá. Èmi ń pe òfin, ìwọ ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwọ ló rí àṣìṣe tó wà nínú òfin tí mo pè, o rẹ́rìn-ín, o tún un ṣe. N kò tíì rí ọjọ́ tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀, nínú ilé tó ń tú lọ́wọ́. Ìgbà tí ìyá rẹ pè ọ́ pé takisí ti dé, o ṣì ń tẹ nǹkan.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún yìí, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg. O wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, a mu kọfí. O ti di ẹni ńlá lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì yọ̀ fún ọ. Mo fi Yorùbá bẹ̀ ọ́ pé kí o gba ẹ̀rọ náà, o fi Jámánì dá mi lóhùn. O ní ó ti gbó, pé kí n gbé e padà sẹ́bàá ọ̀nà tí mo ti rí i. Nígbà tí mo tún bẹ̀ ọ́, o sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, o ní o kò lè jogún ohun tó tú ilé yín ká. O bi mí pé kí ló dé tí ṣòkòtò mi fi tóbi sí mi. Mo ní mo ti ń rìn dáadáa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

N kò sọ fún ọ pé mò ń kú. Mọ́rúfù bá mi jà lórí rẹ̀, ó ní kò sí baba tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí o gbà á torí àánú, nítorí ohun tí èèyàn bá gbà torí àánú kì í pẹ́ sú u. Bí o bá bínú sí mi lórí èyí, o ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ rẹ ló pa mí. Mo ti gba èsì àyẹ̀wò kí n tó wọ ọkọ̀.

8. Bí Jùmọ̀ bá kọ̀ ọ́, èyí tí mo rò pé yóò ṣe, n kò ní ẹlòmíràn tí màá fi í fún. Kí Mọ́rúfù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Fadékẹ́mi kí wọ́n tó já a, kí ó má ṣe jẹ́ pé àárín ìṣirò ọmọ ni yóò ti mọ̀.

9. Ó ku ilẹ̀kùn kan. Mo ti sọ pé ẹ̀rọ náà ń lé gbogbo ẹni tó bá ti ìta wá padà. Àyè kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ náà mọ̀, tí kì í ṣe irin bí kò ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí tí a tẹ̀ sínú rẹ̀, lè jókòó sí ìlú míràn, kí ó ti ibẹ̀ wọlé sínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, tèmi àti ti Jùmọ̀. Ohun tó ń tẹ̀ nígbà tí takisí dé nìyẹn, ó ní kí òun lè máa ràn mí lọ́wọ́ láti Hamburg. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó ń wá. Màá jí, màá rí i pé ó ti tún ohun kan ṣe, n kò sì ní sọ ọ́ lórí fóònù kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́.

Gbogbo onímọ̀ iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò lò, títì ni wọ́n ń tì í. Èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. N kò tì í. Àwọn olè láti ìlú tí n kò mọ̀ ń kàn án tọ̀sán-tòru, wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ èké dán an wò, ẹ̀rọ ń lé wọn, wọ́n tún ń padà wá. Gbogbo ayé ló ń kan ilẹ̀kùn náà. Ẹni tí mo ṣí i sílẹ̀ fún nìkan ni kì í kàn án.

Nítorí náà, Mọ́rúfù, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó já íńtánẹ́ẹ̀tì náà, má ṣe fa okùn iná ẹ̀rọ yọ lójijì. Jókòó síwájú rẹ̀, kí o tẹ ohun tí mo fi hàn ọ́. Kọ́kọ́rọ́ tèmi ni kí o kọ́kọ́ yọ. Kí o tó fọwọ́ kan ti Jùmọ̀, wò ó bóyá ọmọ náà ti gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Bí ó bá ti wọlé, a jẹ́ pé ó gbà á nìyẹn, fi ohun gbogbo sílẹ̀ bí o ṣe bá a, kí o sì máa lọ sílé rẹ. N kò retí rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ìwé ìhágún gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ àti bí kò bá ṣẹlẹ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, dúró di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, yọ ọ́, kí o sì pa ẹ̀rọ náà.

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbogbo èyí, orúkọ mi nìyí lábẹ́ rẹ̀, ní Wedding, Berlin, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, ọdún 2018.

Ezra Akínpẹ̀lúmi Fẹ̀hìntọlá

Òfin Jámánì kò béèrè ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe irú nǹkan báyìí láìsí ojú ẹlòmíràn. Àwọn méjì yìí rí mi nígbà tí mo fọwọ́ sí i, wọn kò ka inú rẹ̀:

Fàrídà Adéọpẹ́, aya Mọ́rúfù, Gesundbrunnen

Matthew Ọláfimíhàn, atẹdùùrù ìjọ, Wedding